Ìwé PhD nínú lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ àṣà: ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti Èkìtì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ẹni tó ti gba M.A. nínú lítíréṣọ̀ níbí, tó fẹ́ wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀, yálà nílé tàbí lókè òkun, kí ni kó kọ́kọ́ ṣe? Kí ni wọ́n ń wò jù nínú ìwé téèyàn fi ránṣẹ́? Owó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yékéyéké, kó lè wà níbí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́
Àbúrò, ìbéèrè ìwádìí ni kó o kọ́kọ́ wá. Fi orúkọ yunifásítì sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí "ipò obìnrin nínú ìtàn àròsọ Yorùbá". Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn, kò tíì di ìbéèrè. Ẹni tó ń kà á kò lè mọ ohun tí o fẹ́ tú wò, kò sì mọ ohun tí ìdáhùn rẹ máa yí padà.

Wo àpẹẹrẹ kan láti ilé wa níbí. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́, wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, ibẹ̀ ló gbà dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí "iṣẹ́ ọnà Ọlọ́wẹ̀", kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè pé, ọ̀nà wo ni oríkì tí wọ́n ń ki Ọlọ́wẹ̀ gbà ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ tí àlàyé inú mùsíọ́mù kò gbà sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Ohun méjì wà tó fẹ́ fi wéra, ibi tó máa lọ wà, àríyànjiyàn náà sì wà nínú ẹ̀. Bákan náà ni alámọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwọn obìnrin Èkìtì ló ń ké e. Ìbéèrè ni pé, kí ló yí padà nínú rẹ̀ nígbà tó kúrò lójú agbo, tó bọ́ sórí rédíò àti fóònù? Ta ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó parí báyìí?

Kọ ìbéèrè rẹ sórí ìwé kan. Gbólóhùn mẹ́ta péré: ohun tí o fẹ́ mọ̀, ohun tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, ohun tí o máa kà tàbí gbọ́ láti fi dáhùn. Bí gbólóhùn kejì bá ṣòro láti kọ, ìwé ló kù kó o kà. Má tíì kan fọ́ọ̀mù kankan.

Ará Ọ̀yẹ́
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Èyí tó kàn ni pé ibi kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é, ẹ má fi ìwé kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo.

Amẹ́ríkà: ìgbìmọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ló ń yan èèyàn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni statement of purpose, ìyẹn àlàyé ojú ewé kan sí méjì nípa ìwádìí yín, pẹ̀lú àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìkọ̀wé, lẹ́tà olùjẹ́rìí mẹ́ta, CV àti transcript (ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe). Láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ ti ń tilẹ̀kùn, fún ìwọlé oṣù Kẹjọ tàbí Ìkẹsàn-án. Ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọdún méjì àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti kíláàsì. Nítorí náà ẹni tó ní B.A. nìkan náà lè gbìyànjú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tiwa gan-an wà níbẹ̀. Ní yunifásítì Wisconsin–Madison, odindi ẹ̀ka kan ló wà fún àṣà Áfíríkà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, kò sí kíláàsì tó pọ̀, ìwádìí lẹ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè M.A. àti àbá ìwádìí tó ti jiná, ọ̀rọ̀ bíi 1,000 sí 2,000. SOAS (yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù) àti ẹ̀ka ìmọ̀ Áfíríkà ní yunifásítì Birmingham ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Jámánì: alábòójútó lẹ máa kọ́kọ́ rí. Bayreuth ni ojúlé àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Ulli Beier ti dá Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1981, ibẹ̀ náà sì ni BIGSAS wà, ilé-ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé fún ìmọ̀ Áfíríkà.

South Africa: alábòójútó àti àbá ìwádìí ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún lè ní kí SAQA, àjọ tó ń rí sí ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, yẹ ìwé ẹ̀rí yín wò kí wọ́n tó gbà yín, ìyẹn sì ń gba àkókò.

Ilé: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, EKSU (Ekiti State University) níbí. Èsì M.A. yín gbọ́dọ̀ tó ohun tí wọ́n ń pè ní "PhD grade". Bí kò bá tó o, M.Phil., oyè tó wà láàárín M.A. àti PhD, ni wọ́n máa fi yín sí kọ́kọ́. Wọ́n máa béèrè ìwé NYSC náà. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ lọ bi wọ́n ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ yín ṣì ní ààyè fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Bí kò bá ní, ẹlòmíì tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, ibẹ̀ ni ọdún mẹ́ta ti máa ń di mẹ́jọ.

Ẹ má ṣe fojú kéré ilé o. Ẹni tí ìwádìí rẹ̀ wà ní Ìrè, Ìsẹ̀ tàbí Ìkẹ́rẹ́, tó fẹ́ máa lọ síbi ọdún ìbílẹ̀ léraléra, wíwà nítòsí sàn fún un ju ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Olùkọ́ Ìjerò
Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìkọ̀wé, torí ní ẹ̀ka lítíréṣọ̀ òun ló wúwo jù. Èèyàn lè ní èsì tó dáa kí iṣẹ́ yìí sì já a kulẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá mú, wọ́n á gbójú fo èsì tó kéré díẹ̀.

Ojú ewé 15 sí 25 ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́, àlàfo ìlà méjì, lẹ́tà ìwọ̀n 12. Bí wọ́n bá ní 20, ẹ má fi 21 ránṣẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa wá láti inú bí a ṣe ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ M.A.: orí kìíní ìfáàrà, orí kejì àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣíwájú, orí kẹta tíọ́rì àti ọgbọ́n ìwádìí, orí kẹrin ìtúpalẹ̀, orí karùn-ún ìgúnlẹ̀. Orí kìíní àti ìkejì ló máa ń rí mímọ́ jù lójú ẹni tó kọ ọ́, òun ló sì máa gé ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí kejì kún fún "Lágbájá sọ pé, Tàmẹ̀dù fara mọ́ ọn". A ò gbọ́ ohùn ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀. Orí kẹrin ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì tún un kọ pátápátá.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Bí orí kẹrin bá yẹ ìwé mẹ́rin wò, ẹ mú ọ̀kan tàbí méjì, ẹ fi ìyókù sílẹ̀, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, kí ohun tí ẹ ń jà fún sì ti hàn kí ojú ewé kìíní tó parí. Láti inú orí kejì, ẹ mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré tí ẹ ní ẹjọ́ bá rò. Bí ẹ bá fa ìlà mẹ́fà yọ nínú ewì, ó kéré tán kí ìlà méjìlá tẹ̀ lé e tí ẹ fi ń tú u: ìdí tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ìdí tí ìlà kẹta fi gé kúrú, ibi tí ohùn ti yí. Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni kí èèyàn máa sọ ìtàn inú ìwé náà fún ojú ewé márùn-ún. Òmíràn ni tíọ́rì tí wọ́n kéde ní ojú ewé kejì, tí a ò tún gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dé ìgúnlẹ̀. Bí tíọ́rì kan kò bá ràn yín lọ́wọ́ láti rí ohun tí ẹ kì bá tí rí, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un, ó pẹ́ tán oṣù Kẹfà sí Ìkẹjọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ará ẹ̀ka yín, bí olùkọ́ ìtàn. Kó ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́, kó pa á dé, kó sọ fún yín ní gbólóhùn kan ohun tí ẹ ń sọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, iṣẹ́ ṣì kù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó
Olùkọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Bí a bá fi Yorùbá kọ iṣẹ́ M.A. ńkọ́? Ṣé a lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Ìjerò
Ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó, àwọn ẹ̀ka tó ń kọ́ Yorùbá ń gba iṣẹ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Lókè òkun, ẹ kọ ímeèlì sí ẹ̀ka náà béèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ máa ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí gbogbo ìgbìmọ̀ ló máa kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn yọ Yorùbá kúrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ fà yọ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀. Níbi tí ìtumọ̀ ti kọ̀ láti jẹ́, ẹ fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ìdí. Ìpínrọ̀ yẹn lè jẹ́ ibi tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, torí kò sẹ́lòmíì tó lè kọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́ èdè náà.

Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn Èkìtì, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ké e. Bí obìnrin tó ń ké alámọ̀ bá pe ilé ní "ulé", ẹ kọ "ulé". Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìró náà sì wà lára ewì. Ẹni tó bá tún un ṣe di "ilé" ti yọ nǹkan kúrò nínú ohun tó lóun ń ṣèwádìí. Ẹ fi àkíyèsí ìsàlẹ̀ ìwé kan ṣàlàyé bí ẹ ṣe kọ ẹ̀ka-èdè náà sílẹ̀, kí òǹkàwé má rò pé àṣìṣe ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì náà kì í ṣe kékeré. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀ máa ń di àpótí kéékèèké tàbí àmì ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Fọ́ǹtì Unicode ni kẹ́ ẹ lò, bíi Charis SIL. Ẹ sọ ọ́ di PDF tó gbé fọ́ǹtì rẹ̀ sínú, kẹ́ ẹ sì ṣí i lórí fóònù kan àti kọ̀ǹpútà mìíràn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí "ọ́" àti "ẹ̀" bá dúró ṣinṣin níbi méjèèjì, ó dáa.

Ìyá Ìfàkì
Ẹ̀yin olùkọ́ ń sọ ti ọpọlọ, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwé ẹ̀rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ó gbọ́dọ̀ bá ti páàsìpọ́ọ̀tù mu lórí fọ́ọ̀mù, láìsí àmì ohùn, torí pọ́tà míì (ìkànnì tí ẹ ti ń kọ fọ́ọ̀mù) kì í gbà á. Ní ilé-ìwé wa, orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú. Lórí fọ́ọ̀mù wọn, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ má fi orúkọ bàbá sí àyè orúkọ tiyín. Obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn ni kó fi sílẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá béèrè.

Orúkọ yunifásítì náà ń dá wàhálà sílẹ̀. EKSU bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Obafemi Awolowo University, Adó-Èkìtì, ó di Ondo State University, ó di University of Ado-Ekiti, kó tó di Ekiti State University ní 2011, nígbà tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ University of Education Ìkẹ́rẹ́ àti University of Science and Technology Ìfàkì. College of Education Ìkẹ́rẹ́ náà ti di BOUESTI (Bamidele Olumilua University of Education, Science and Technology). Bí orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí transcript, ẹni tó wà lókè òkun máa rò pé ayédèrú ni. Ẹ wá àyè tí wọ́n kọ "additional information" sí lórí fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó gba NCE kó tó wọlé sí ìpele 200 náà, kó ṣàlàyé pé ìdí nìyẹn tí B.A. rẹ̀ fi jẹ́ ọdún mẹ́ta.

Èsì: ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, 4.32 nínú 5.00. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yí i sí òṣùwọ̀n 4.00. Bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n yí i, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ WES, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, tàbí irú wọn.

Transcript: oṣù Kẹjọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà akẹ́kọ̀ọ́ náà, torí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gba èyí tí ẹ fúnra yín yà sórí pọ́tà nígbà tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù, wọn ò ní béèrè èyí tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ àyàfi tí wọ́n bá gbà yín. Èyí lè gbà yín lọ́wọ́ owó púpọ̀.

Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì: ibòmíì kì í béèrè IELTS tàbí TOEFL lọ́wọ́ ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ibòmíì sì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà síbẹ̀. Ẹ kọ ímeèlì kẹ́ ẹ tó sanwó ìdánwò. Ní ti GRE, ìdánwò ìwọlé fún ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ kò béèrè rẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti parí pátápátá láti 2021, nítorí náà ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àtijọ́ tó ní kẹ́ ẹ lọ ra ìwé ìgbáradì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́rẹ́
Lẹ́tà olùjẹ́rìí. Ẹni tó kọ́ yín tàbí tó bójú tó iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ bẹ̀. Lẹ́tà kọmíṣọ́nà, ti pásítọ̀ tàbí ti ọba kò wúlò níbí, bó ti wù kí ipò wọn ga tó, torí wọn ò ka iṣẹ́ yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín lọ bí ẹ bá wà ní Adó tàbí Ọ̀yẹ́. WhatsApp kò tó fún irú ẹ̀bẹ̀ yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ lè ní kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà náà wá kí òun fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọ̀wọ̀ yẹra fún un. Bí lẹ́tà mẹ́ta bá ní ohùn kan náà, ìgbìmọ̀ máa mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fún wọn ní ojú ewé kan: kíláàsì tí ẹ bá wọn ṣe, iṣẹ́ tí ẹ kọ nínú rẹ̀, máàkì tí ẹ gbà, ìbéèrè ìwádìí yín, àti ọjọ́ tí ibi kọ̀ọ̀kan máa tilẹ̀kùn. Ẹ fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìkọ̀wé yín mọ́ ọn. Lẹ́tà tó ní "ọmọ dáadáa ni, ó níwà, ó bẹ̀rù Ọlọ́run" kò sọ nǹkan kan fún wọn nípa ìwádìí. Ẹni tó bá kọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí rí ohun báyìí nínú ewì báyìí tí àwọn yòókù kò rí, ó ti ràn yín lọ́wọ́.

Ohun mẹ́ta míì: ímeèlì yunifásítì ni kí wọ́n lò bó bá ṣeé ṣe, torí Yahoo àti Gmail máa ń mú kí wọ́n ṣiyèméjì. Líǹkì tí pọ́tà fi ránṣẹ́ sí wọn máa ń wọ spam, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá a níbẹ̀. Àti pé lórí fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà, wọ́n máa bi yín bóyá ẹ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín láti ka lẹ́tà náà. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀. Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà kì í ní ìwúwo kan náà.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ṣé ó yẹ kéèyàn kọ ímeèlì sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣáájú? Àwọn kan ní dandan ni.

Ará Ọ̀yẹ́
Dandan ni ní Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti South Africa, torí alábòójútó ló máa gbà yín. Ní Amẹ́ríkà, kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan. Ìgbìmọ̀ ló ń pinnu. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń ní kí èèyàn fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí ogójì ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ló dára jù. Ọ̀rọ̀ 150 sí 200: ìbéèrè yín, ohun pàtó tí ẹ kà nínú iṣẹ́ tiwọn tó kàn án, àti bóyá wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà. Ẹ fi àbá olójú ewé kan mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú statement yín, ẹ wò ó bóyá "emeritus" wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ sì fi hàn pé ẹ ò wo ojú-ewé wọn dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n
Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì kàn án.

Owó fọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà sábà máa ń wà láàárín dọ́là 75 sí 125 fún ibì kan. Ẹ kọ ímeèlì sí ẹ̀ka náà ní oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá láti béèrè fún ìdáríjì owó náà. Bí ẹ bá ti san án, wọn kì í dá a padà. Káàdì náírà lásán lè kọ̀, ẹ ṣètò káàdì dọ́là ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń tilẹ̀kùn.

Ní ti ìrànwọ́, ìlànà kan ni mo máa sọ: PhD lítíréṣọ̀ tí ẹ máa fi owó àpò yín ṣe lókè òkun, ẹ má lọ. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí nínú lẹ́tà ni owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n yọ, owó ìgbọ́bùkátà, ìbánigbófò ìlera, àti iye ọdún. Ẹ béèrè nípa àwọn oṣù ìsinmi wọn (summer), torí owó ibòmíì jẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án péré. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè wọlé láìrí owó. Ìwọlé àti owó ìrànwọ́ jẹ́ ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ wọn sì yàtọ̀. Owó ìrànwọ́ ti Commonwealth máa ń ṣí ní ìparí ọdún, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ bá rí ìwọlé. Ní Jámánì, DAAD, àjọ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìrànwọ́, ni kẹ́ ẹ wò. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ fi owó ọdún kan hàn. 11,904 yúrò ni wọ́n gbé e sí ní 2024. Ẹ̀yin tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, ẹ lọ béèrè owó ìrànwọ́ TETFund, àpò ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ gíga, ní ọ́fíìsì yín.

Físà náà: nígbà tí wọ́n bá gbà yín tán ló kàn. Dọ́là 350 ni owó SEVIS (ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì), 185 ni owó físà akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ìwọlé Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà máa ń yí padà, ẹ wo ojú-ewé ẹ́ḿbásì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí èèyàn fi gbogbo ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ibi mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó láti "bá yín gba ìwọlé". Kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún PhD.

Ìyá Ìfàkì
Ẹ jọ̀ọ́, àkókò. "11:59 p.m. Eastern" ní oṣù Kejìlá jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú kan nílé wa, ní ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ Pacific, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì gba PDF tí pọ́tà pèsè sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí i bóyá orúkọ yunifásítì mìíràn ṣì wà nínú statement tí ẹ dà kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Adó
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù: bí ibì kan bá gbà mí ní oṣù Kejì, tí wọ́n ní kí n dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣé kí n yára gbà?

Ará Ọ̀yẹ́
Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fọwọ́ sí, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fipá mú akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn lórí owó ìrànwọ́ kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin tó pé. Council of Graduate Schools ló ń tọ́jú orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, ẹ wò ó bóyá ibi tó gbà yín wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ kọ̀wé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ máa dáhùn kí ọjọ́ náà tó pé. Ibi tí ẹ ò ní lọ mọ́, ẹ sọ fún wọn kíákíá, torí ẹnì kan wà lórí àtòkọ ìdúró tó ń retí àyè yẹn, ó sì lè jẹ́ ọmọ Ọ̀mùò tàbí Ìkọ̀lé.